Àmàlà, ewédú àti àrùn ìgbàgbé: ohun tí wọ́n rí ní Ìdìkàn àti ibi tí ìtàn já sí

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ohùn kan ti ń yí kiri lórí Wáàsáàpù, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ. Bàbá kan ló ń sọ̀rọ̀, ó ní àwọn òyìnbó ti ṣèwádìí, wọ́n ti rí i pé ọmọ Yorùbá kì í ní àrùn ìgbàgbé, pé láfún àti ewédú tá à ń jẹ ló fà á, bó ṣe sọ ìyẹn tán ló bá kan ọjà ẹ̀, ike kan báyìí tí wọ́n di ewé lílọ̀ sí. Màmá mi fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà fi ránṣẹ́, àbúrò bàbá mi tiẹ̀ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní irọ́ pátápátá ni, mi ò bá ti pa á rẹ́ kí n máa bá tèmi lọ. Àmọ́ ìwádìí yẹn wà lóòótọ́ o, Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é, ní àdúgbò Ìdìkàn, àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọpọlọ arúgbó lágbàáyé mọ orúkọ ẹ̀ dáadáa. Ibi tí bàbá ọlọ́jà wa ti já ìtàn sí gan-an ni ìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ ná. Nílé wa, tí ìyá àgbà bá ti ń bèèrè nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà láàárọ̀, wọ́n á ní màmá ti ń ṣarán, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀, bí ẹni pé gbogbo ẹni tó bá ti dàgbà ló gbọ́dọ̀ ṣarán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni ọgọ́rin ọdún tó gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, ara ló ń dàgbà. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání tí ò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe mọ́, tó lọ sọ́jà tó ti ń ná láti ogójì ọdún tí ò wá mọ̀nà ilé mọ́, tó ń bi ọmọ tó bí pé ọmọ ta ni, àìsàn nìyẹn. Dìméńṣíà ni àwọn dókítà ń pe gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Alzheimer ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ló kan tàwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ wọn ti ń dí díẹ̀díẹ̀. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní èèyàn mílíọ̀nù 57 ló ní in ní 2021, èyí tó lé ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì ń gbé nílẹ̀ tí owó ò ti pọ̀ bíi tiwa níbí. Lọ́dọ̀ wa ṣá, ìyá tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ lóru, ilé àdúrà ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e lọ, tí ò bá sì rí ẹni gbèjà ẹ̀ wọ́n lè ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́.

Ìdìkàn wá ńkọ́? Ní 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, wà nídìí ẹ̀ níbí, Hugh Hendrie wà nídìí ẹ̀ lọ́hùn-ún, nígbà tí Ọ̀ṣúntókun sì kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ohun tí wọ́n ń wá ò le láti sọ: àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Indianapolis, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn lọ, ẹ̀jẹ̀ wọn àti tiwa tan mọ́ra, àmọ́ oúnjẹ, ilé, iṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ti yàtọ̀. Tí àrùn yìí bá pọ̀ níbì kan tó kéré níbì kejì, á jẹ́ pé bí èèyàn ṣe ń gbé ayé ẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Àgbà 2,494 ni wọ́n kà ní Ìbàdàn, wọ́n ka 2,212 ní Indianapolis, ọdún 65 sókè ni gbogbo wọn.

Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ yẹn ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Báwo lẹ ṣe máa mọ ọjọ́ orí ìyá tí wọn ò kọ ọjọ́ ìbí ẹ̀ síbì kankan? Ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ńlá tó ti ṣẹlẹ̀ nílùú ni wọ́n fi ń wá a, nígbà tí nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀, ṣé ẹ ti lọ́kọ, ọmọ mélòó lẹ ti bí, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ bọ̀. Ẹni tí ò mọ̀wé wá ńkọ́, tí tẹ́ẹ̀sì òyìnbó sì ní kó kọ gbólóhùn kan sínú ìwé? Á féèlì ni, wọ́n á ní ó ti ń ṣarán, bẹ́ẹ̀ gbogbo gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́jà ló mọ̀ lórí láìkọ ọ́ síbì kankan. Tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n wá lò, Kathleen Hall àti Hendrie ti kọ́kọ́ ṣe é fún àwọn onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Cree ní Manitoba, ní Kánádà, wọ́n wá tún un ṣe sí Yorùbá, apá kan ẹ̀ jẹ́ ìbéèrè fún àgbà fúnra ẹ̀, apá kejì jẹ́ fún ẹni tó ń bá a gbé, ṣé màmá ṣì ń ṣe iṣẹ́ ilé bó ṣe yẹ, ṣé ọ̀nà ń dà rú mọ́ wọn lójú. Ẹni tó bá ti tọ́jú àgbà rí mọ̀ pé apá kejì yẹn lòótọ́ máa ń wà, torí àgbà Yorùbá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín àti oríkì bo ohun tí wọn ò rántí mọ́lẹ̀.

Èsì àkọ́kọ́ jáde ní 1995. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbà ní Ìbàdàn, 2.29 ló ní dìméńṣíà, ní Indianapolis ó jẹ́ 8.24 tí wọ́n bá ka àwọn tó wà nílé ìtọ́jú arúgbó mọ́ ọn. Alzheimer nìkan, 1.41 níbí, 6.24 lọ́hùn-ún. Ẹnì kan lè ní bóyá àwọn aláìsàn tiwa ló tètè ń kú tí kò jẹ́ kí wọ́n pọ̀ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ gidi sì nìyẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún ń padà lọ kan ilẹ̀kùn àwọn àgbà tára wọn le, kí wọ́n lè ka àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó o lọ́dọọdún. Èyí jáde ní 2001: 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Ó ju ìlọ́po méjì lọ! Látìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ti ń yọjú sínú ìkòkò ọbẹ̀ Ìdìkàn.

Ohun tó wà nínú ìkòkò ọ̀hún ò ju ohun tẹ́ ẹ mọ̀ lọ: àmàlà, ẹ̀kọ, iṣu, gààrí, ẹ̀fọ́, ẹja díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá ò pọ̀, ẹran ò pọ̀ (owó ẹran dà?). Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré sí ti Indianapolis, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kéré, ìtọ̀ ṣúgà wọn kéré, wọn ò sì sanra. Jíìnì kan (ohun tá à ń jogún lọ́wọ́ òbí nínú ẹ̀jẹ̀) tún wà tí wọ́n ń pè ní APOE e4, lára àwọn òyìnbó, ẹni tó bá ti ní i, ewu Alzheimer ẹ̀ ti ga nìyẹn, ó wà lára àwa náà dáadáa, síbẹ̀ ní Ìbàdàn agbára ẹ̀ ò tó nǹkan. Ní 2006 wọ́n tún rí i pé láàárín àwọn àgbà Yorùbá tí ò ní jíìnì yẹn, bí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn bá ṣe ń ga ni ewu Alzheimer wọn ń ga. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ò jábọ́ látọ̀run, ó nídìí. Àmọ́ ẹ tún wo nǹkan mìíràn tó yàtọ̀ láàárín ibi méjèèjì: àgbà Ìdìkàn ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń tajà títí dọjọ́ alẹ́, inú agbo ilé tí ọmọ àti ọmọ ọmọ kún ni wọ́n ń gbé. Àti pé ẹni tó bá la ìgbónáa àti ibà ìgbà èwe ìgbà yẹn kọjá tó fi pé ọdún 65, ara líle ni. Èwo ni ẹ fẹ́ yọ sọ́tọ̀ nínú gbogbo ìyẹn pé òun ló ṣiṣẹ́? Bàbá ọlọ́jà mú ewédú, torí ewé ló ń tà.

Ibi tí wọ́n ti ń fi àwa seré nìyí. Ní 2001, wọ́n tún kó àwọn àgbà mìíràn jọ ní ìlú méjèèjì, ọdún 70 sókè, tẹ́ẹ̀sì kan náà, ọ̀nà kan náà, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ti 1992 àti ti 2001 wéra, èsì tó jáde ní 2016 ni pé àwọn tó ń kó àrùn yìí lọ́dún ní Indianapolis ti já wálẹ̀ láti 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún sí 1.4. Ìbàdàn wá láti 1.7 sí 1.4, èyí tí wọn ò lè pè ní ìyàtọ̀ gidi kan. Ẹ tún un kà o. Iye kan náà! Àwọn ará Indianapolis ò kó wá sí Ìdìkàn wá jẹ àmàlà, wọn ò sì yéé jẹ bọ́gà. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ò tiẹ̀ kúrò lára wọn, ohun tó yí padà ni pé àwọn tó ń lo oògùn sí i ti pọ̀ sí i, ọdún tí wọ́n sì lò níléèwé pọ̀ ju ti àwọn tó ṣáájú wọn lọ. Àwọn olùwádìí náà tọ́ka síbẹ̀. Èmi ò gbọ́ ọ lẹ́nu oníwáàsáàpù kankan rí.

Ní Ìbàdàn kan náà, ní 2011, Ògúnníyì àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé e jáde pé àwọn àgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ru lára wọn ni ewu dìméńṣíà pọ̀ fún jù. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n tún fi hàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ lé àwọn èèyàn fún ọdún mẹ́wàá, pé ara àwọn tó máa ní àrùn yìí ti máa ń fọn kí ìgbàgbé tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn torí òun ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tan ara wọn jẹ nídìí ìwádìí oúnjẹ. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lónìí tẹ́ ẹ bi gbogbo arúgbó pé kí ni wọ́n ń jẹ, ẹ máa rí i pé àwọn tó ń jẹun dáadáa ló ń rántí nǹkan dáadáa. Ṣé oúnjẹ ló mú kí wọ́n rántí ni, àbí àìsàn tó ti wà nínú ọpọlọ àwọn yòókù láti bí ọdún mẹ́wàá ló gba oúnjẹ lẹ́nu wọn, tí wọn ò rántí dáná mọ́, tí ọbẹ̀ ò dùn lẹ́nu wọn mọ́?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí MIND nìyẹn. MIND ni wọ́n sọ ètò oúnjẹ kan tí Martha Clare Morris àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Rush ní Chicago ṣe: ẹ̀fọ́ ewé ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́sẹ̀, ẹ̀wà ó lé ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹja lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, adìyẹ, èpà àti irú ẹ̀, ọkà tí wọn ò bó èèpo ẹ̀, òróró ólífì, àwọn èso kéékèèké bíi strawberry, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí bọ́tà, ṣíìsì, ẹran pupa, dídín àti kéèkì. (Strawberry nìkan ló jẹ́ àlejò níbẹ̀ fún wa, ó ń hù ní Jos ṣá.) Ní 2015 wọ́n ní àwọn tó tẹ̀ lé e dáadáa, ewu Alzheimer wọn fi 53 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí tàwọn tí ò tẹ̀ lé e. Ìwé ìròyìn gbogbo gbé e. Àmọ́ wọ́n kàn béèrè ohun táwọn èèyàn ń jẹ ni, wọ́n sì ń wò wọ́n.

Wọ́n wá ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká dán an wò bí wọ́n ṣe ń dán oògùn wò. Àgbà 604, ọdún 65 sókè, tí wọ́n sanra díẹ̀, tí ẹnì kan nínú ẹbí wọn ti ní dìméńṣíà rí, wọ́n fi bí ẹní ṣẹ́ kèké pín wọn sí méjì, ìdá kan jẹ oúnjẹ MIND, ìdá kejì ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ní kí àwọn méjèèjì dín iye tí wọ́n ń jẹ kù. Ọdún mẹ́ta. Morris fúnra ẹ̀ ti kú ní 2020, Lisa Barnes àtàwọn yòókù ló gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2023: ìdá méjèèjì ṣe dáadáa sí i díẹ̀ nínú tẹ́ẹ̀sì, ìyàtọ̀ gidi ò sì sí láàárín wọn, ní tẹ́ẹ̀sì o, ní fọ́tò ọpọlọ o. Àwọn kan sọ pé ọdún mẹ́ta ti kéré jù, pé àrùn tó ń gba ogún ọdún kó tó jáde, kí lẹ fẹ́ rí lọ́dún mẹ́ta. Àwọn mìíràn ní àwọn tó wá síbẹ̀ ti ń jẹun bí ọmọlúàbí tẹ́lẹ̀, ẹni tó kàwé tó láájò ara ẹ̀ ló máa ń yọ̀ǹda ara ẹ̀ fún irú nǹkan báyìí, ìdá tí wọ́n sì ní kó má yí oúnjẹ padà náà ti fọn. Mo gbà pẹ̀lú wọn díẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti fi 53 yẹn ta nǹkan gbọ́dọ̀ sọ ti 2023 náà.

Ní Fínlándì, ọ̀rọ̀ dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Miia Kivipelto ló darí èyí tí wọ́n ń pè ní FINGER, àwọn 1,260, láti ọdún 60 sí 77, ìdá kan gba ìmọ̀ràn lásán, ìdá kejì ni wọ́n fi ọdún méjì bá ṣe oúnjẹ, eré ìmárale, eré fún ọpọlọ, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn déédéé, gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ní 2015 wọ́n ní ìlọsíwájú ìdá yìí nínú tẹ́ẹ̀sì fi 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti èkejì lọ. Amẹ́ríkà náà ṣe tiwọn, US POINTER, àwọn 2,111, oúnjẹ MIND yẹn náà ni wọ́n lò pọ̀ mọ́ eré ìmárale àtàwọn yòókù, èsì ẹ̀ jáde ní July 2025, ìdá méjèèjì ló lọ sókè, àwọn tí wọ́n dúró tì gbágbágbá sì lọ sókè díẹ̀ jù àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa dá ṣe é lọ. Tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wọ̀n nínú méjèèjì o, wọn ò tíì ka iye ẹni tó ní dìméńṣíà. Ẹ ò sì lè fa oúnjẹ yọ níbẹ̀, bí ẹ ò ṣe lè tọ́ ọbẹ̀ wò kẹ́ ẹ ní irú nìkan ló mú un dùn.

Ti oníke wá ńkọ́? Èyí ò gba àkókò. Ewé ginkgo tí wọ́n ń tà káàkiri ayé fún ìrántí, wọ́n ti dán an wò lára àgbà 3,069 ní Amẹ́ríkà, ọdún 75 sókè, ó lé ní ọdún mẹ́fà tí wọ́n ń lò ó, èsì ẹ̀ jáde ní 2008, kò dá dìméńṣíà dúró rárá. WHO sọ ọ́ gbangba ní 2019 pé kí wọ́n má máa fún èèyàn ní fítámì B, fítámì E, òróró ẹja tàbí àdàlù wọn torí àtidènà àrùn yìí. Oògùn fítámì aládàlù kan wá ṣe dáadáa nínú ìwádìí COSMOS ní Amẹ́ríkà, àwọn tó lò ó fi díẹ̀ rántí nǹkan ju àwọn tó lo oògùn òfìfo tí ò ní nǹkan kan nínú lọ, àmọ́ díẹ̀ ni díẹ̀ ń jẹ́, ìrántí ni wọ́n sì wọ̀n, wọn ò wọn dìméńṣíà. Ìwádìí yẹn kan náà dán kòkó wò, owó Mars tó ń ṣe ṣokoléètì wà níbẹ̀, kòkó ò sì ṣe nǹkan kan fún ìrántí wọn lápapọ̀. Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ má bínú.

Fítámì kan wà tó yàtọ̀, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. B12. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló wà, ewé àti iṣu ò ní i. Tí B12 bá tán lára èèyàn, ẹsẹ̀ á máa kú tipiri, ìgbàgbé á dé, gbogbo ilé á ní màmá ti ń ṣarán, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ lè dá a padà tí wọ́n bá tètè mọ̀. Inú arúgbó kì í gba B12 wọlé bíi ti ọ̀dọ́ mọ́, àwọn tó sì ti ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà láti ọdún pípẹ́, oògùn yẹn máa ń dín in kù. Ẹ wá wo ilé wa. Ta ló ń jẹ ẹran? Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé, nítorí náà ìyá àgbà á gbé ẹja inú ọbẹ̀ ẹ̀ fún ọmọ ọmọ, á fi omi ọbẹ̀ jẹ̀kọ, lójoojúmọ́, fún ogún ọdún.

Ọ̀ṣúntókun tá a sọ̀rọ̀ ẹ̀ lókè yẹn, irú nǹkan báyìí ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí. Kí wọ́n tó dé Ìdìkàn rárá, láàárín 1960 sí 1970, ó lọ sí agbègbè Ẹ̀pẹ́, ó bá àwọn èèyàn tí ẹsẹ̀ wọn ń gbóná tí ó sì kú, tí wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ rìn, ojú àwọn kan ń fọ́, etí àwọn kan ń di. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́, gààrí àti púrùpúrù, ẹja àti ẹran ò sì tó. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé sáyánáìdì, bí wọn ò bá rẹ ẹ́ dáadáa kí wọ́n sì sè é jinná, díẹ̀ á ṣẹ́ kù, ara sì nílò èròjà tó wà nínú ẹja, ẹran àti ẹ̀wà láti fi pa á. Ọ̀ṣúntókun ní òun ló ń ba iṣan wọn jẹ́, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ o, iṣan tó ń gbé ìròyìn láàárín ara àti ọpọlọ ni. Ẹ rí i báyìí, dókítà wa tó fi oúnjẹ hàn bí ohun tó lè ba iṣan jẹ́, láfún àti àwọn ìbátan ẹ̀ ló bá nídìí ẹ̀, òun náà ló tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí bàbá ọlọ́jà wá ń lò báyìí láti sọ pé láfún ni oògùn ọpọlọ. Mo rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má jẹ láfún o. Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo ẹ̀ ni pé kò sí oúnjẹ kan tó ń wọ inú ọpọlọ lọ tààrà lọ jókòó ṣọ́nà, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà. Ní 2024 ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka nǹkan mẹ́rìnlá tó ń fa dìméńṣíà, wọ́n ní tí wọ́n bá bójú tó gbogbo ẹ̀, bíi 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n lè dènà tàbí kí wọ́n sún un síwájú. Oúnjẹ fúnra ẹ̀ ò sí níbẹ̀! Àìkàwé tó wà níbẹ̀, etí dídi, ojú tí ò ríran dáadáa, sìgá, ìdánìkanwà, ìbànújẹ́ ọkàn, èéfín, àìṣeré ìmárale, fífi orí gbá nǹkan. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú, ìsanrajù, ọtí àmujù, àwọn wọ̀nyí inú ìkòkò àti ife ni wọ́n ń gbà wọlé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni màá mú tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan. Ní Ṣáínà, ní abúlé 326, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n èèyàn tí ẹ̀jẹ̀ ń ru lára wọn, àwọn dókítà abúlé, àwọn tí ò lọ yunifásítì ńlá, ló ń fún ìdá kan lóògùn olówó pọ́ọ́kú, wọ́n ń kọ́ wọn láti máa wọn ẹ̀jẹ̀ nílé, wọ́n ń bá wọn dín iyọ̀ kù. Ọdún mẹ́rin. Èsì tó jáde ní 2025 ni pé àwọn tó ní dìméńṣíà nínú ìdá yẹn fi 15 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ìdá kejì. Dìméńṣíà gan-an ni wọ́n kà níbẹ̀, wọn ò ka tẹ́ẹ̀sì lásán. Kò dún lẹ́nu bíi ewédú, mo mọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè di í sínú ike tà.

Ẹ wá padà wá wo ìkòkò wa. Àwọn àgbà tí wọ́n kà ní 1992 yẹn, 1927 sẹ́yìn ni wọ́n bí wọn, irú àti èdé ló ń mú ọbẹ̀ wọn dùn. Àwọn tó ń pé ọdún 65 lónìí, wọ́n bí wọn sí nǹkan bíi 1960, màgí ti wọ ọbẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà, Indomie ti wọlé kí wọ́n tó ní ọmọ ọmọ, mínírà ti di omi àlejò. WHO ní kí àgbàlagbà má jẹ iyọ̀ tó pé gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì kan, gbogbo ẹ̀ pọ̀ o, ti inú màgí, ti búrẹ́dì, ti gbogbo ẹ̀. Ẹ lọ wo ọbẹ̀ tí wọ́n ti da màgí mẹ́fà sí tí wọ́n tún bu iyọ̀ lé e kó tó dùn. Ti bọ́tà inú ike àti kéèkì náà ò kéré, ọ̀rá kan wà nínú òróró tí wọ́n sọ di dídì, ní ìlú Hisayama ní Jápáànì wọ́n rí i pé àwọn tí ọ̀rá yẹn pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni dìméńṣíà ń mú jù, ní 2022 sì ni NAFDAC ṣòfin pé kò gbọ́dọ̀ ju 2 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá inú oúnjẹ lọ. Ẹni tó fẹ́ jẹ àmàlà Ìdìkàn kó rántí jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ Ìdìkàn.

Màmá mi pè lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ní ṣé kí àwọn ra ike yẹn. Mo ní mélòó ni wọ́n ń tà á, wọ́n sọ fún mi, mo dákẹ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Màmá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́. Wọ́n ní ó ti tán láti ìgbà Iléyá, àwọn ò sì tíì ra òmíràn. Owó ike kan yẹn á ra oògùn ọ̀hún tó oṣù méjì, mo sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ṣebí orí ò fọ́ àwọn mọ́.